Ẹni Tí Mo Rán Sí Ọmọ Mi

Ọdún tí wọ́n gé wa kúrò lára Kwara, tí wọ́n ní Lọ́kọ́ja ni a ó máa lọ bá ìjọba báyìí, ọdún náà ni ọmọ mi obìnrin kú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ọdún tó jẹ́, bí mo ṣe máa ń dá a lóhùn nìyẹn, nítorí n kò mọ ìwé, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà pe ọdún. Ọjọ́ tí rédíò sọ ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ tuntun náà, àwọn ọkùnrin já ewé dání, wọ́n ń yí gbogbo Kabba ká, àwọn awakọ̀ ń fun fèrè. Ọmọ mi wà lórí ẹní nínú yàrá. Ó ní kí n ṣí fèrèsé kí òun lè gbọ́. Nígbà tó gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ, ó ní, "Ìyá mi, wọn ò mọ̀ ọ́n kọ rárá. Elégbè wọn ń sáré ju ẹni tó ń lé e lọ." A jọ rẹ́rìn-ín. Ọyẹ́ ọdún náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tó fi lọ.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń kọ ọ́ yìí, kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mò ń lé orin òkú fún àwọn obìnrin ilé ọkọ mi nígbà náà. Ayéwà ní ilẹ̀ Bùnú ni wọ́n bí mi sí. Níbẹ̀ ni ìyá mi ti kọ́ mi ní aṣọ híhun, lórí òfì àwa obìnrin tí a máa ń gbé ti ògiri. Ṣùgbọ́n orin òkú, Kabba ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ àbúrò baba ọkọ mi kan tó jẹ́ obìnrin. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló ń lé orin kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Nígbà tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀, ó gbé agbè rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, akèrègbè tí wọ́n fi èso wẹ́wẹ́ ká lára, ó ní, "Ìyàwó, gbà. O ò rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ dára." Títí tó fi kú, ìyàwó ló ń pè mí, àní nígbà tí ewú ti bo orí mi.

Bí orin náà ṣe ń lọ nìyí. Bí àgbàlagbà bá kú nínú ilé wa, ọjọ́ kan wà tí àwa obìnrin máa ń gbé orin yí gbogbo ojúlé ẹbí ká. A ó dúró ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní baba tàbí ìyá tó ti ṣíwájú á sún mọ́ mi, á sọ iṣẹ́ rẹ̀ sí mi létí, èmi á sì fi orin rán òkú náà. Màá ní, ìwọ tó ń relé, bí o bá débẹ̀, bá mi kí baba mi, sọ fún un pé ilé tó kọ́ kò wó. Àwọn elégbè á gbè é pé, yóò jíṣẹ́, yóò jíṣẹ́. Ibẹ̀ ni agbára orin náà wà, kò sí lẹ́nu èmi tí mò ń lé e. Iṣẹ́ tí elégbè kò bá gbè kò tíì kúrò lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́. Ó dà bí ẹni tó dúró ti ẹrù tí kò rí ẹni bá a gbé e rù. Gbogbo wa ló mọ èyí, ọmọdé tó bá ti lè pàtẹ́wọ́ mọ̀ ọ́n.

Ọmọ mi yìí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tí o kò bá láyé, inú àwọn elégbè ló wà. Ó ti parí ẹ̀kọ́ aṣọ rírán, ọmọkùnrin kan láti Ìyàrá sì ti ń wá a wá sílé, tó bá ti jókòó kì í fẹ́ dìde mọ́. Ọmọ mi ló máa ń gbé ohùn òkè, ohùn tíńrín kan tó máa ń dá gòkè bí èéfín nígbà tí àwọn yòókù bá wà nísàlẹ̀. Bí òun bá wà lẹ́yìn mi, n kì í wẹ̀yìn wò.

Mo máa ń sọ ọ́ pé àìsàn ní ohùn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, orin máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀, nídìí odó, lójú ọ̀nà odò, nídìí òfì. Bí o bá rí i pé ó dákẹ́, wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ti ọmọ mi kò tilẹ̀ dákẹ́. Òkú àgbà kan la lọ sin ní Iyah-Gbede, a ń kọrin lọ, mo gbọ́ tí ohùn òkè já lójijì láàárín ọ̀rọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti mí. Ó tún gbé e, ó tún já. Mo rò ó pé eruku ọ̀nà ló wọ̀ ọ́ lọ́fun. Nígbà tí a délé, mo ní kó kọ ọ́ fún mi, òun nìkan. Ó kọ ọ́ dé ibì kan náà, ó mí.

Mo bi í pé, "O ò lè gbé e kọjá ibẹ̀ ni?"

Ó ní, "Mo fẹ́ gbé e, ìyá mi. Èémí ló ń sọ mí kalẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ti wà ní asíbítì. Dókítà fi rọ́bà rẹ̀ sí i láyà, ó gbọ́ ọ títí, ó ní ọkàn rẹ̀ ni, pé ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é kí ó tó yọ sí wa létí. Èmi gbọ́ ọ lẹ́nu, òun gbọ́ ibi tó ti ń bọ̀. N kò bá a jiyàn. Ó fún wa lóògùn, ó ní kí a máa mú un wá, a sì ń mú un lọ. Àwọn kan nínú ilé ní kí a wádìí ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Mo ní n kò wá ẹnìkan. Ọkàn tó ń lu agbè tirẹ̀ tí kò bára mu, kí ni kí n wá ọ̀tá sí nídìí ìyẹn?

Ọ̀sán ló kú. Mo wà nídìí iná, mò ń fetí sí èémí rẹ̀ láti inú yàrá bí mo ṣe ń gbọ́ orin. Ó ń gùn, ó ń kúrú, ó ń gùn. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ègbè mọ́. N kò sáré wọlé. Mo kọ́kọ́ gbé ìkòkò kúrò lórí iná, nítorí mo ti mọ̀.

Ní ilẹ̀ wa, òkú ọ̀dọ́ kò ní orin. Òkú àgbà là ń kọrin fún, nítorí ó ti pẹ́ láyé, ó sì fi ọmọ sílẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá kú, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ló ń yára gbé e lọ, ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ ibojì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mi agbè. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀nà ni orin, bí o bá kọ ọ́ fún ọ̀dọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ yòókù á rí ọ̀nà náà. N kò bínú sí wọn. Mo mọ òfin náà jù wọ́n lọ. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní ojúlé mìíràn, èmi ni mo máa ń sọ fún àwọn elégbè pé kí wọ́n padà sílé. Àwọn náà wá lọ́jọ́ náà, wọ́n dúró ní ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n sì padà sílé.

Ìyá kan wà nínú ilé tó kángun sí tiwa, ìdílé mùsùlùmí tí wọ́n ti ń ta iyọ̀ àti káún ní Kabba láti ayé baba wọn. Láràárọ̀ ló ń gbé kókó wá fún mi. Kì í sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, kì í sọ pé Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe. Á jókòó tì mí, á máa wo kókó náà títí yóò fi tutù, á wá ní, "Mu ún, mo fẹ́ gba igbá mi." Òun náà ti sin ọmọ rí. Ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ burú kọjá àlà. Bí ó bá ń rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún, ńṣe ni ọmọ náà máa ń fi kún un.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi agbè kọ́ ògiri. Wọ́n ń pè mí sí òkú àgbà, mò ń ní kí wọ́n pe ẹlòmíràn. Ohùn mi kò lọ, ohùn mi wà. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró ní ẹnu ọ̀nà, kí n máa rán iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn sí baba wọn tó gbó tó tọ́, kí n sì gbé tèmi mì? Bí mo bá fẹ́ lé orin, orúkọ ọmọ mi ló kọ́kọ́ ń yọ lẹ́nu mi, orúkọ náà kò sì ní àyè nínú orin. Nítorí náà mo pa á dé. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo ti kọ èyí tí mo máa kọ láyé. Ó ní bí mo bá dákẹ́, ilé á dákẹ́. Mo ní kí òun náà dákẹ́.

Òfì nìkan ló kù mí kù. Ẹni tó bá hun aṣọ rí mọ̀ pé orin ló ń wọn ọwọ́. Apásà, igi pẹlẹbẹ tí a fi ń lu òwú kí ó lè fún mọ́ra, inú orin ló ti ń mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀. Èmi wá ń hun láìkọrin, ọwọ́ mi ń wúwo níhìn-ín, ó ń fúyẹ́ lọ́hùn-ún. Oníbàárà mi kan fa aṣọ náà wò lọ́jọ́ ọjà, ó ní, "Ìyá, apá ibí le bí awọ, apá ibí ń fi ojú hàn bí asẹ́. Ṣé èèyàn méjì ló hun ún ni?" Mo ní obìnrin kan ṣoṣo ni, inú rẹ̀ ló ń yí padà. Ó rà á. Ó dín iye tí mo pè é, ṣùgbọ́n ó rà á.

Ọdún tí a dìbò tán tí wọ́n tún ní ìbò náà kò sí mọ́, ni Yèyé dùbúlẹ̀. Kò dùbúlẹ̀ rí, kódà nígbà tó bímọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta ló padà sóko. Nígbà tí wọ́n ní kò lè dìde mọ́, àwọn ènìyàn ń wọ́ lọ kí i. Èmi ń lọ tàárọ̀ tàlẹ́ nítorí èmi ni ìyàwó ilé, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kan tí mo parí ìwẹ̀ rẹ̀, ó ní kí n má tíì lọ, kí n wo ẹsẹ̀ òun. Ẹsẹ̀ náà ti wú, ó ń dán. Mo bi í bó ṣe rí lára rẹ̀. Bí àwọn àlejò bá bi í bẹ́ẹ̀, a máa dáhùn pé ara dá. Èmi ló sọ òótọ́ fún.

Ó ní, "Ìyàwó, ó dà bí agbo orin tó fẹ́ tú ká. Mo lé e, ẹsẹ̀ ò gbè. Mo lé e, ọwọ́ á gbè lẹ́yìn tí orin ti kọjá. Ikùn nìkan ló ṣì ń dá mi lóhùn, òun náà, ọbẹ̀ ló ń wò."

N kò tíì gbọ́ àlàyé àìsàn tó yé mi tó ìyẹn. Láti ọjọ́ náà títí di òní, bí wọ́n bá ní ara ẹnìkan kò yá, n kì í bi í pé kí ló ń ṣe é. Mo máa ń bi í pé èwo nínú ara rẹ̀ ni kò gbè mọ́, kíá ló sì máa ń mọ ohun tó fẹ́ sọ. Bí ohun gbogbo bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ikú nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì ni, a ṣì lè dúró dè wọ́n, kí a tún orin náà lé.

Yèyé wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ òkú ara rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé wọn á lọ háyà ẹnìkan wá, ẹni tí yóò máa kígbe lórí òun bí ẹni ń pe èrò sí mọ́tò Òkéné. Ó ní òun á jí, òun á lù ú, òun á padà kú. Mo ní, "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀."

Ó ní, "N kò bẹ̀rẹ̀. Mò ń parí ni."

Lẹ́yìn náà ó bi mí pé ta ni mo fẹ́ kí òun bá mi kí. Mo ní kó bá mi kí ìyá mi. Ó ní ìyẹn ti wà lórí òun tẹ́lẹ̀, òun àti ìyá mi mọ ara wọn, wọ́n á pàdé bí n kò tilẹ̀ rán an. Ó tún bi mí, ta ni mo fẹ́ kí òun bá mi kí. Mo yí ojú sí ògiri. Mo ní òun ló kọ́ mi pé a kì í kọrin fún ọ̀dọ́.

Ó wá ní, "Mo kọ́ ọ pé a kì í kọrin fún ọ̀dọ́. Ìgbà wo ni mo kọ́ ọ pé a kì í kí i? Èmi ni òkú náà, àgbà sì ni mí. Èmi ni ẹ máa kọrin fún. Ohun tí mo bá gbé dání lọ, ẹrù tèmi ni."

Ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, òun ni àgbà ilé nígbà náà, ó sì tún jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Yèyé sọ fún un lójú mi pé òun ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó láti jẹ́ fún ọmọ rẹ̀, àti pé ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbé orin òun kiri, ìyàwó ló máa lé e, yóò sì fi iṣẹ́ náà sínú rẹ̀. Baba náà bojú wo ilẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ pọ̀ nínú ilé yìí, òun ní ọmọbìnrin mẹ́ta tí wọn kò tíì lọ ilé ọkọ. Ó ní bí nǹkan bá ṣe ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn rẹ̀, ta ni wọ́n á bi?

Yèyé ní, "Kí wọ́n bi mí."

"Yèyé, ẹ ò ní sí níbẹ̀."

"Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n bi mí nìyẹn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa baba náà, ó gbé e mì. Ṣùgbọ́n kò gbà. Nígbà tí a jáde, ó sọ fún mi pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé òun kò ní gba orin lẹ́nu mi, òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá tó ṣọ̀fọ̀. Ó ní òun á kàn sọ fún àwọn elégbè pé kí olúkúlùkù ro ti àwọn ọmọ tirẹ̀. Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Èwo nínú wọn ni kò bímọ? Bí mo bá lé e, tí ẹnikẹ́ni kò gbè é, orúkọ ọmọ mi á bọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo ẹbí, n kò sì ní rí ẹni bá mi gbé e mọ́. Ó sàn kó wà nínú mi jùyẹn lọ. Mo rò ó títí. Mo tún rò ó pé ẹni tó gbà láti bá mi jẹ́ iṣẹ́ náà ń lọ, irú rẹ̀ kò sì pọ̀ láyé.

Ní gbogbo ọjọ́ tó kù, Yèyé ń bẹ̀ mí pé kí n kọ orin òfì fún òun. Orin òkú kò ṣeé kọ fún alààyè, ṣùgbọ́n orin òfì kò lófin. Mo bá bẹ̀rẹ̀. Ohùn mi dún bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Yèyé ní, "Epo ni kí o fi sí i," a tún ń kọ ọ́ lọ. Ó máa ń fi ìka lu etí ẹní, kò sí ohùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ìka nìkan ló fi ń gbè. Lójoojúmọ́ ni ìka náà ń lọ́ra sí i, èmi náà á sì fa orin sẹ́yìn kí ó lè bá mi. Àárọ̀ ọjọ́ kan, a wà lórí rẹ̀, ìka náà lọ sókè, kò sọ̀kalẹ̀ sórí ẹní mọ́, ó sọ̀kalẹ̀ sórí ọwọ́ mi. Mo kọ orin náà dé òpin rẹ̀ kí n tó pe àwọn ará ilé. A kì í já orin nítorí pé elégbè ti lọ.

Ọjọ́ tí a gbé orin rẹ̀ kiri, oòrùn mú gan-an. Mo já agbè mi lára ògiri, aláǹtakùn ti kọ́ ilé sí i, mo gbọ̀n ọ́n. Àwọn elégbè pé. Wọ́n kí mi dáadáa, okun o, okun o, ṣùgbọ́n wọn kò wò mí lójú. A bẹ̀rẹ̀ ní ojúlé àwọn tó kéré jù. Ẹlòmíràn rán an sí baba rẹ̀, ẹlòmíràn rán an sí ìyá ìyá rẹ̀ pé iṣu rẹ̀ ṣì ń ta. Wọ́n gbè é. A dé ẹnu ọ̀nà àgbà ilé, òun náà rán iṣẹ́ sí baba rẹ̀. Wọ́n gbè é, ó dún kanlẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀, n kò ní purọ́. Orin tí mo ti fi sílẹ̀ ń bọ̀ wá bá mi bí ajá tó rí olówó rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà tèmi ló kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó máa sọ iṣẹ́ sí mi létí níbẹ̀, èmi ni mo ní i. Mo gbé agbè sókè, mo lé e pé:

"Yèyé tó ń relé, má tíì yára o.
Ọmọ kan ń bẹ níbẹ̀ tó ń gbé ohùn òkè.
Bí o bá rí i, bá mi kí i.
Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ mọ ibi tó ti ń mí."

Lẹ́yìn náà mo pe orúkọ rẹ̀.

Àwọn agbè kò dúró, ọwọ́ àwọn obìnrin náà ń lọ, ṣùgbọ́n ẹnu wọn wà ní pípadé. Wọ́n ń wo àgbà ilé. Àgbà ilé ń wo ilẹ̀. Mo tún lé e láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò jẹ́ kí ohùn mi wárìrì, nítorí bí ohùn ẹni tó ń lé orin bá wárìrì, ó ti sọ fún elégbè pé kí wọ́n má gbè. Mo pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kejì, wọn kò gbè é.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé, "Yóò jíṣẹ́, yóò jíṣẹ́." Ìyá oníyọ̀ aládùúgbò wa ni. Kì í ṣe ọ̀kan nínú elégbè, kò tilẹ̀ kọrin òkú rí, abọ́ tùwó tó ń gbé bọ̀ fún àwọn àlejò ṣì wà lórí rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó mú un, ó sì mú un ní ibi tí kò yẹ, ohùn rẹ̀ há láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnìkan fi bú sẹ́rìn-ín nínú àwọn elégbè. Obìnrin náà kò ka ẹ̀rín yẹn sí. Ó tún un kọ. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò sí elégbè gidi tó lè dúró gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo rí i lójú wọn, ó ń yún wọn lọ́fun. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn fi ọwọ́ gba afẹ́fẹ́, ó ní, "Bó ṣe ń lọ kọ́ nìyẹn," ó sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ, kí ó lè fi han obìnrin náà. Àwọn yòókù gbè é tẹ̀lé e, ọwọ́ wọn ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnu ló kù. Yóò jíṣẹ́, yóò jíṣẹ́. Kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ṣe, iṣẹ́ mi ti lọ. Mo gbọ́ nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ mi, bí ẹni tí wọ́n bá gbé ẹrù lé orí tó sì lè rìn.

Ìyá oníyọ̀ sọ abọ́ tùwó kalẹ̀, ó wá sún mọ́ mi, ó sọ orúkọ kan sí mi létí. Mo fi í sínú orin. Wọ́n gbè é. Ọ̀kan nínú àwọn elégbè náà wá, ó ti bí ọmọ kan tí kò tíì rìn tó fi lọ, kò sọ ọ́ rí, n kò mọ̀. Òmíràn wá. Mo rí i pé àwọn tó fẹ́ ránṣẹ́ ti pọ̀, gbogbo wọn ti ń gbé tiwọn mì láti ọjọ́ yìí wá. Àgbà ilé gbé ojú sókè. A rò pé ó fẹ́ dá wa dúró. Ó ní, "Bí ẹ bá ń rán an, ẹ rán an tán, oòrùn ti ń lọ." Lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí mi, ó sọ orúkọ àbúrò rẹ̀ kan tó kú sí ìlú òkèèrè nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Ọkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò tíì pe orúkọ náà fún ara wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀lé e, gbogbo ilé ń ṣọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àgbà ilé ní ibà, ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ díẹ̀, ojú sì wà lára mi bí mo ṣe ń kọjá. Wọ́n gbé e lọ asíbítì, ara rẹ̀ yá, ó ti di ìyá ọmọ báyìí. Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn nígbà náà, kí ara ọmọ náà tó yá, pé bí ó bá tilẹ̀ lọ, n kò ní gbà pé orin ló mú un lọ. Kí ọmọ mi tó kú, a kò kọrin fún ọ̀dọ́ kankan rí. Ta ló fi ọ̀nà han òun?

Ọ̀fọ̀ kò tán o. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé orin ń pa ọ̀fọ̀, irọ́ ló ń pa. Ohun tí orin ń ṣe ni pé ó ń sọ fún un ìgbà tó lè wọlé àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ jáde. Ṣáájú ìgbà náà, ó ń wọlé bó ṣe wù ú, nídìí iná, lójú ọ̀nà ọjà, lórí ẹní. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó mọ àyè rẹ̀. Mo padà sídìí òfì, apásà mi ń sọ̀kalẹ̀ bó ṣe yẹ. Mò ń lọ sí òkú àgbà, láti Bùnú dé Ìjùmú, ibi tí mo bá sì dé, bí mo bá ti kí àwọn baba àti àwọn ìyá tán, màá dúró díẹ̀, màá wò wọ́n lójú. Ẹni tó bá ní ọmọ níbẹ̀ á mọ̀ pé òun lè wá.

Nígbà tí ìyá rẹ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dàgbà tí wọ́n ní ilé tiwọn, mo pè wọ́n jọ, mo sọ ti òkú mi fún wọn. Mo ní kí wọ́n má gbé gbohùngbohùn ńlá wá, nítorí kò sí ẹni tó lè gbe orin tó ń pariwo ju ẹnu rẹ̀ lọ. Mo ní ẹni tó bá ní iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àgbà tàbí ọmọ ọwọ́, kó tètè wá sọ fún mi nígbà tí etí mi ṣì ń gbọ́, kó sì má jẹ́ kó gùn, àgbàlagbà ni mí. Ìyá rẹ ń sunkún, àwọn ọkùnrin ń wo ìta. Ọ̀kan nínú wọn wá bi mí pé, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n máa rí kó lé orin náà, nígbà tó jẹ́ pé èmi tí mò ń lé e ni mo kú?

Mo ní ẹni tó máa lé e kò ní wọ́n wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin, ẹ ṣáà ti gbè é."